Bí Mo Ṣe Gba Òṣìṣẹ́ Àkọ́kọ́ Sí Ilé Oúnjẹ Mi ní London

Ní Peckham níbí, bí wọ́n bá ti rí i pé ọjà ẹni ń tà, ará ilé ló máa kọ́kọ́ wá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ṣe é." Ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá mi ni tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí ìdáná. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní kò ní fọwọ́ kan ọmọrogùn títí ìwé yóò fi pé.

Àṣẹ iṣẹ́ ló ṣáájú. Ó fi share code rẹ̀ ránṣẹ́, ìyẹn kóòdù tí èèyàn ń gbà lórí ìkànnì ìjọba láti fi hàn pé òun láṣẹ iṣẹ́: lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án, W ló ṣáájú nínú wọn. Kò tó kó na fóònù sí mi kí n wò ó. Èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì ìjọba pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ jáde, mo fi wé ojú rẹ̀ bó ṣe jókòó síwájú mi, mo sì ka ohun tí físà rẹ̀ gbà: wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Mo gba ìwé tó fi ọjọ́ ìwọlé àti ìsinmi yunifásítì rẹ̀ hàn, mo kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́. Ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ mi títí ọdún méjì lẹ́yìn tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ojú máa ń ti àwa Yorùbá láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọmọ ẹni tá a mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè. Láti oṣù Kejì 2024, ìtanràn lórí ẹnì kan tí kò láṣẹ iṣẹ́ lè tó £45,000, ó sì lè tó £60,000 fún ẹni tó bá tún un ṣe. Obìnrin òyìnbó tí mo gbà fún òpin ọ̀sẹ̀ náà mú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wá, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo àwọ̀ kó tó béèrè ìwé ti tẹ Equality Act 2010, òfin tó lòdì sí ẹ̀tanú, lójú.

Mo ra ìbánigbófò agbanisíṣẹ́, èyí tó ń sanwó bí òṣìṣẹ́ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tí kò dín ní mílíọ̀nù £5, nítorí ọjọ́ kan láìní in lè fa ìtanràn £2,500. Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba, ṣáájú ọjọ́ owó oṣù àkọ́kọ́.

Ọjọ́ tó wọṣẹ́ ni mo fún un ní ìwé tó sọ owó, wákàtí àti ìsinmi rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin 2025 títí di oṣù Kẹta 2026, £12.21 ni owó wákàtí kan tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọdún 21. Àwọn kan a ní, "Ṣebí ó ń jẹun níbẹ̀." Oúnjẹ tó ń jẹ kò lè dín kọ́bọ̀ kù nínú rẹ̀. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí ọmọ náà ń san owó ilé. Ó ti lé ní ọdún 22, owó rẹ̀ sì kọjá £10,000 lọ́dún, nítorí náà mo fi í sínú owó ìfẹ̀yìntì: ó kéré tán, 3% láti ọ̀dọ̀ mi.

Nígbà tí yunifásítì gba ìsinmi Kérésìmesì, mo fi wákàtí kún tirẹ̀, físà rẹ̀ gbà á lásìkò yẹn. Bí wọ́n ṣe wọlé padà, mo dá a padà sí wákàtí 20.