Ẹ Má Fi Ìbẹ̀rù Kòkòrò Ta Àgbàdo Yín Lọ́pọ̀

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ta àgbàdo fún alájàpá lójú ìkórè ló ń padà ra òmíràn ní kóńgò-kóńgò kí òjò tó tún dé. Iye tó fi tà kọ́ ló fi ń rà. Ẹni tí gbèsè lé tà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀; ẹni tó ń tà kí kòkòrò má baà sọ ọ́ di ìyẹ̀fun là ń bá wí.

Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì nínú, àpò bíi ti ìrẹsì lóde. Ẹ̀wà ni àwọn onímọ̀ Purdue University ní Amẹ́ríkà àti ti Cameroon kọ́kọ́ ṣe é fún, ní nǹkan bí 1987. Kò ní oògùn kankan. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, á sì kú.

Àmọ́ àpò kì í bá èèyàn gbẹ àgbàdo. Èyí tó bá tutù á bu síbẹ̀, bíbu yẹn sì lè mú májèlé aflatoxin wá, tí sísè kì í pa. Lọ́dún 2004, ní ìlà-oòrùn Kenya, èèyàn 317 ni irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ mú ṣàìsàn, 125 nínú wọn sì kú.

Ẹ fi iyọ̀ dán an wò

Fífi eyín fọ́ ọ wò dára, iyọ̀ dára jù ú lọ. Ẹ wá ìgò tó gbẹ, ẹ da àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́ta iyọ̀ tí ẹ ti sá sóòrùn sí i. Ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ padà sá àgbàdo yín. Bí kò bá lẹ̀, omi inú rẹ̀ kò tó ìdá 15 nínú 100 mọ́. Nǹkan bí 13 ni àpò ń fẹ́, nítorí náà ẹ tún fi oòrùn ọjọ́ kan tàbí méjì kún un, lórí tapólì, kì í ṣe etí títì.

Lójú tèmi, kí ẹ jẹ àgbàdo òjò ní tútù tàbí kí ẹ tà á. Èyí tí ẹ kórè nígbà ọyẹ́ ló rọrùn láti tọ́jú.

Dídì rẹ̀

Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ di ẹnu rẹ̀ mú, ẹ tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ń jò kò wúlò. Ẹ rọ àgbàdo sí ọ̀rá inú, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ so ó le. Ẹ ṣe bákan náà fún èkejì, lẹ́yìn náà àpò òde. Ẹ gbé e sórí pákó, kó jìnnà sí ògiri, kí ẹ sì ṣọ́ eku.

Ẹ má da ọ̀tapíàpíà sí i láéláé. Oògùn yẹn kì í ṣe ohun tí à ń dà sí oúnjẹ.

Èyí tí ilé ó máa jẹ, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ dé ẹnu, ẹ dé e pinpin, kí ẹ má baà máa tú àpò lójoojúmọ́.