Ẹ Má Ṣe Exit Relay Nílé

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi lórí ọ̀rọ̀ Tor yìí, ètò tó ń jẹ́ kí èèyàn lo íńtánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́. Lánàá, àbúrò wa kan ní Lágéré níbí fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan hàn mí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ inverter ní pálọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ di relay, ìyẹn ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo Tor ń gbà kọjá, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ń ran àwọn tí ìjọba ń dọdẹ lọ́wọ́. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ exit ló ṣe, àyà mi sì já.

Relay mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń gbà kọjá nínú Tor. Àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ti ìkẹyìn, ìyẹn exit, nìkan ni ìkànnì tí wọ́n lọ máa rí. Bí ẹnì kan lókè òkun bá gba ibẹ̀ lu jìbìtì, ilẹ̀kùn ìyá àbúrò yìí ni ọlọ́pàá máa kàn. Ní Rọ́ṣíà, wọ́n mú Dmitry Bogatov, olùkọ́ ìṣirò tó ń ṣe exit nílé, ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó fa ẹ̀sùn náà yọ.

Bridge tàbí Snowflake ni kí ẹ ṣe nílé; ọ̀nà ìwọlé sínú Tor fún àwọn tí wọ́n dí i mọ́ ni méjèèjì, wọn kì í ṣe exit. Tó bá jẹ́ exit lẹ fẹ́ dandan, ẹ háyà sáfà (server) lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó gbà á láyè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kí ẹ sì kọ́kọ́ rí lọ́yà. Ẹ má sì yọjú wo ohun tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá o, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn lè dà.

Èmi àti àbúrò náà ṣí torrc, fáìlì tí ètò Tor wà nínú rẹ̀, a kọ "ExitRelay 0" síbẹ̀ kó má baà jẹ́ exit mọ́, a tún un tàn.