Bí ẹ ò ṣe ní jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán sọ awọ ara yín di arúgbó

Ẹ gbé apá yín sókè níwájú dígí. Ẹ wo awọ tó wà lẹ́bàá abíyá, kí ẹ wá wo ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Ọjọ́ kan náà ni méjèèjì dáyé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò bu ogún ọdún lé ti ẹ̀yìn ọwọ́. Ti abẹ́ apá rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba. Ti ẹ̀yìn ọwọ́ ti ṣú, ó ti ní ìlà wínníwínní, bí ẹ bá sì fi ìka méjì fà á sókè, kì í tètè padà sílẹ̀. Aṣọ bo ọ̀kan, kò bo èkejì: ohun tó fà á nìyẹn.

Awọ ara ní ìpele. Èyí tó wà lókè fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, inú rẹ̀ sì ni melanin, èròjà tó sọ wá di dúdú, wà. Awọ tuntun ń yọ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó ti kú á máa ṣí dànù lókè. Lára ọ̀dọ́, ìrìn yìí ń gba nǹkan bí oṣù kan. Bí èèyàn bá ti lé ní 50 ọdún, ó ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ara àgbà fi ń gbẹ, tí àpá kékeré fi ń pẹ́ lára wọn. Ìpele tó nípọn wà nísàlẹ̀, níbi tí okùn collagen àti okùn elastin ti hun ara wọn bí òwú inú aṣọ òkè. Collagen ló ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ le, elastin ló ń dá a padà bí a bá fà á. Kí èèyàn tó pé 30 ọdún ni ara ti ń dín collagen tó ń ṣe kù, díẹ̀díẹ̀.

Oríṣi ìtànṣán méjì nínú oòrùn ló ń bá awọ jà. UVB ń ṣiṣẹ́ lókè, òun ló ń jó ni. UVA ń wọlé dé ibi tí collagen wà, ó ń já okùn náà, èèyàn ò sì ní mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ náà. Ó ń gba inú ìkùukùu kọjá, ó ń gba inú gíláàsì fèrèsé kọjá. Ní 2012, ìwé ìmọ̀ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tẹ àwòrán ọkùnrin ẹni ọdún 69 kan tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún 28. Apá òsì ojú rẹ̀, tó kọjú sí fèrèsé, ti nípọn, ó ti hun jọ; apá ọ̀tún dà bí ojú ẹlòmíì tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Apá òsì náà ni àwa ń jókòó sí wakọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà lójoojúmọ́, ẹ fi apá òsì yín wé ti ọ̀tún.

Wọ́n máa ń ní ojú dúdú kì í hun. Òótọ́ wà níbẹ̀: melanin ara adúmáadán ń ṣe iṣẹ́ tí ìpara oòrùn SPF 13 tàbí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe (SPF ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpara ṣe ń dá oòrùn dúró tó), ó sì fi púpọ̀ ju ti òyìnbó lọ. Ìlà ojú wa ń pẹ́ kó tó yọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ogbó ń gbà yọ lára wa. Àwọ̀ ojú kì í dọ́gba mọ́, iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ṣú ju ìyókù lọ. Kókó dúdú wẹ́wẹ́ á máa hù lẹ́rẹ̀kẹ́ àti lẹ́bàá ojú. Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀. Ẹni tó ń dúró kí ojú òun hun kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ti pẹ́ jù.

Kókó wẹ́wẹ́ yẹn kì í pa ni lára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ tàbí ásíìdì yọ ọ́ fún yín létí ọ̀nà. Àpá tí yóò fi sílẹ̀ máa ń tóbi ju kókó náà lọ, ti ẹlòmíì á tún wú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ aago

Ọ̀fẹ́ ni èyí, òun ló sì ṣiṣẹ́ jù. Ní ìlú wa, aago 12 kọ́ ni ọ̀sán gangan. Aago Nàìjíríà bá ìlà kan tó jìnnà sí wa ní ìhà ìlà-oòrùn mu, nítorí náà oòrùn kì í dé àtàrí ní Ifẹ̀ àti Iléṣà títí di nǹkan bí 12:40. Bí oṣù ti ń yí, ó lè jẹ́ 12:25, ó lè jẹ́ 12:55. Ẹni tó bá jáde ní aago 3 tó ní oòrùn ti rọlẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Láti aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa ṣọ́ra, àárín aago 11 sí 2:30 ló burú jù.

Bí kò bá sí aago lọ́wọ́, ẹ wo òjìji yín. Bó bá gùn jù yín lọ, oòrùn ti rọ̀. Bó bá kúrú jù yín lọ, ẹ wá ibòji. Ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń dúró sí àtàrí wa gan-an, débi pé Ọ̀pá Ọ̀rányàn fúnra rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òjìji lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ìkùukùu oṣù keje àti ìkẹjọ máa ń tan èèyàn jẹ: ooru ò sí, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú ìtànṣán UV ṣì ń kọjá. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku ń dín ìtànṣán kù díẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló wá ń fa omi ara jáde.

Fún àwọn tó ń jókòó tajà lọ́jà Odò-Ògbè tàbí ní Atákúmọ̀sà, ẹ yí agboòrùn yín bí oòrùn ti ń yí: ìhà ìlà-oòrùn láàárọ̀, ìhà ìwọ̀-oòrùn bó bá ti kọjá aago 1. Ọ̀pọ̀ ló ń rì í mọ́lẹ̀ láàárọ̀ tí wọn ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí wọ́n á fi palẹ̀ mọ́. Láti aago 2 ni oòrùn á ti máa jó ẹ̀gbẹ́ ọrùn wọn. Kí ẹ tó ra agboòrùn, ẹ nà án sókè síbi iná. Bí iná bá ń yọ láàárín òwú rẹ̀, ìtànṣán náà á yọ. Èyí tó dúdú tó sì hun pọ̀ dára ju èyí fẹ́lẹ́ aláràbarà lọ. Kọnkéré àti iyanrìn ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sókè, nítorí náà agboòrùn nìkan kò tó fún ojú.

Fìlà abetí ajá àti gèlè kò bo ojú. Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó 8 sẹ̀ǹtímítà yí ká ló ń bo ojú, etí àti ẹ̀yìn ọrùn. Àdìrẹ tó nípọn ń dáàbò boni dáadáa. Léèsì olójú ihò kò ṣe nǹkan kan, àwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun fẹ́lẹ́ tí òógùn ti rin á sì jẹ́ kí ìtànṣán wọlé ju ìgbà tó gbẹ lọ.

Ìpara oòrùn: ìwọ̀n ló ṣòro

Ìpara oòrùn, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní sunscreen, ló tẹ̀lé ibòji àti aṣọ. Nọ́ńbà SPF ń sọ nípa UVB nìkan. SPF 15 ń dá nǹkan bí 93 nínú 100 dúró, SPF 30 ń dá 97, SPF 50 ń dá 98. Ẹ má san owó gọbọi nítorí nọ́ńbà tó ju 50 lọ. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "broad spectrum" (ìyẹn ni pé ó ń dá UVA àti UVB dúró) tàbí UVA sí i lára, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́.

Ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ẹ tẹ ìpara náà sórí ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, láti ìsàlẹ̀ ìka dé orí rẹ̀. Ìka méjì yẹn ni ti ojú àti ọrùn. Ti gbogbo ara àgbàlagbà tó wọ ṣòkòtò péńpé jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 30, ìyẹn ṣíbí ìjẹun méjì. Ẹni tó ń fi ìka méjì sójú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ yóò lo ọ̀pá ìpara 50 mílílítà tán ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí tiyín bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ ń tọ́ ọ wò ni. Ìpara SPF 50 tí ẹ fi ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ para kò ní fún yín ní SPF 50 mọ́.

Ẹ wẹ̀, ẹ fi ìpara tó ń mú ara rọ̀ sí i, ẹ fi ìpara oòrùn lé e, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó fi pọ́dà. Ẹ má gbàgbé etí, ẹ̀yìn ọrùn, ẹ̀yìn ọwọ́ àti òkè ẹsẹ̀ tí sálúbàtà ò bò. Wákàtí méjì-méjì ni kí ẹ tún un fi bí ẹ bá wà níta, tàbí lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu òógùn. Lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́, ẹni tó dúró sí Ẹnuwá láti àárọ̀ kí ó lè rí Ọọ̀ni tó dé Adé Aàrẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀pá náà dání. Èyí tó fi nílé láàárọ̀ á ti bá òógùn lọ.

Àwọn kan ń sá fún ìpara yìí nítorí ó ń sọ ojú dà bí ẹni fi ẹfun kunra. Zinc oxide ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n pò ní àwọ̀ búráùn, tó ní iron oxide nínú. Àǹfààní kejì wà níbẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, yàtọ̀ sí UV, náà máa ń mú ojú dúdú ṣú, iron oxide ló sì ń dá a dúró. Aboyún àti àwọn tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń ṣú ní abala-abala, ló nílò rẹ̀ jù.

Bí owó bá mọ níwọ̀n, ẹ fi ti ọ̀pá pa ojú, etí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́, kí ẹ fi aṣọ bo ìyókù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò ìpara. Ibòji àti aṣọ ni tirẹ̀.

Òrí àti àdí àgbọn kì í ṣe ìpara oòrùn, bó ti wù kí wọ́n tà á fún yín tó. Iṣẹ́ wọn ni láti má jẹ́ kí omi ara gbẹ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ fi í sára nígbà tí omi ìwẹ̀ ṣì ń rin ara, kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kọjá. Bí ẹ bá dúró kí ara gbẹ pátápátá, ọ̀rá lásán lẹ fi lé gbígbẹ lórí. Ọṣẹ dúdú ń fa epo ara jáde gan-an. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi í wẹ ibi tó ń rùn nìkan.

Ohun tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́

Bíbóra ni àkọ́kọ́. Melanin ni agboòrùn tí Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ìpara àpòpọ̀ inú ike tí kò lórúkọ sì ń ya á. Steroid inú wọn ń sọ awọ di fẹ́lẹ́ débi tí iṣan á fi hàn, tí egbò kì í fi í tètè jinná. Mercury ń ba kíndìnrín jẹ́. Hydroquinone tí èèyàn lò pẹ́ títí nínú oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúdú bí aró, èyí sì le láti wò ju dúdú tí ó ń sá fún lọ. Ẹ wo oríkèé ìka ẹni tó ti bóra pẹ́. Bí ẹ bá ti ń lo irú ìpara bẹ́ẹ̀ káàkiri ara fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ má dá a dúró lójijì: ara lè pọ́n, kó máa yún, kó rẹ̀ yín. Dókítà ló máa sọ bí ẹ ó ṣe dín in kù.

Ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ̀lé e. Omi rẹ̀ tí wọ́n fi ń ra ojú nítorí ìrorẹ́ ní èròjà kan tí oòrùn máa ń tanná ràn; bí ẹ bá jáde, ó lè bó yín bí omi gbígbóná, kí àpá dúdú rẹ̀ pẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Oògùn doxycycline náà ń mú kí oòrùn tètè jó ni.

Lálẹ́, àwọn tó bá fẹ́ tún collagen gbé dìde lè bi dókítà awọ léèrè nípa ìpara tretinoin 0.025%. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan ló tó fún gbogbo ojú, òru méjì lọ́sẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ojú dúdú bá bó, ó máa ń ṣú níbi tó ti bó. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta. Aboyún àti ẹni tó ń retí oyún kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Fún àfín, ẹni òrìṣà, ọ̀rọ̀ yìí ju ẹwà lọ, nítorí jẹjẹrẹ awọ tètè ń mú wọn. Gbogbo ohun tí a kọ sókè ni kí wọ́n máa ṣe lójoojúmọ́ láti kékeré, kí ẹnìkan sì máa bá wọn yẹ ojú, etí, ètè àti ẹ̀yìn ọrùn wò lóṣooṣù. Egbò tí kò bá jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀ tàbí Wesley Guild ní Iléṣà. Àwa dúdú ní tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ni kí a máa yẹ̀ wò: ìlà dúdú tó ń fẹ̀ sí i níbẹ̀ kò bá oòrùn tan, síbẹ̀ dókítà gbọ́dọ̀ rí i.

Ẹ má fi ọ̀pá ìpara sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sínú oòrùn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí omi ń dá jáde lọ́tọ̀ tí ìpara sì ń dá lọ́tọ̀ bí wàrà tó ti já, ẹ sọ ọ́ nù.