Bí ẹ ṣe lè fi kànga àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìṣirò

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ṣe ìlú láǹfààní, inú sílábọ́ọ̀sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe koríko gígé ni mò ń wí o. Ẹni tí kò mọ á-bí-dí náà mọ̀ ọ́n gé. Ẹ wá iṣẹ́ tí kò ní ṣeé ṣe láìsí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí. Tí a bá ti dé orí sílíńdà, ìyẹn ohun róbótó gígùn bí agolo, kànga àwọn agboolé ló kàn. Àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ mọ bí kílórínì ṣe ń pa kòkòrò inú omi, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti mọ iye lítà omi tó wà nínú kànga kí wọ́n tó wọn oògùn sí i. Iye lítà yẹn ni àwọn ọmọ yóò bá wọn wá.

Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ kí baálé, ẹ má rán ọmọ. Ẹ tètè sọ ohun tí ẹ bá wá, torí àwọn ìyá á kọ́kọ́ rò pé owó omi lẹ fẹ́ gbà.

Ẹ fọ okùn mọ́ tónítóní, kí ẹ so irin kékeré mọ́ ọn lẹ́nu. Àgbàlagbà ni kó jù ú sí kànga. Kí ọmọ kankan má bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Tó bá kanlẹ̀, ẹ fà á sókè: ibi tó tutù dé ni jíjìn omi. Kí àwọn ọmọ wá fi téèpù wọn ẹnu kànga láti etí kan dé èkejì. Ká ní ẹnu jẹ́ mítà 1, okùn sì tutù dé mítà 2: ìdajì ẹnu jẹ́ 0.5, nítorí náà 3.14 (páì) × 0.5 × 0.5 × 2, ó di kúbíìkì mítà 1.57. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000, ìyẹn lítà 1,570.

Ibí ni kí ẹ ti là wọ́n lóye dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ á fi gbogbo ẹnu kànga ṣírò dípò ìdajì rẹ̀, omi á di lítà 6,280. Nínú ìwé, máàkì 2 péré ló bọ́. Lẹ́nu kànga, oògùn ìlọ́po mẹ́rin ló fẹ́ wọ omi tí ènìyàn ń mu yẹn! Tí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọ́n á tún un ṣe láìjẹ́ pé ẹ pariwo.

Kí ọmọ má fọwọ́ kan oògùn rárá. Ìṣirò àti àlàyé ni kí ẹ fún ní máàkì; ẹni tó bá làágùn jù, ẹ kí i kú iṣẹ́. Kí olùkọ́ Yorùbá bá yín yẹ lẹ́tà àlàyé tí àwọn ọmọ yóò kọ, tí wọn yóò sì kà fún agboolé, wò.

Ẹ tọ́jú okùn náà di oṣù kejì ọdún. Omi á ti fà nígbà náà, ìwọ̀n oògùn ìgbà òjò kò sì ní bá ti ẹ̀ẹ̀rùn mu.