Bí a ṣe ń fi àgékù aṣọ rán quilt tó máa dé ògiri gálárì

Ẹ̀yin tẹ́lọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbá àgékù aṣọ abẹ́ máṣíìnì yẹn dànù. Ibẹ̀ lèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo ti kọ́ṣẹ́, ìró àti bùbá, agbádá, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, gbogbo ẹ̀ la ń rán, àgékù yẹn la fi ń nu epo máṣíìnì tàbí ká kì í sínú tìmùtìmù. Ní báyìí òun ni mo fi ń rán quilt, òun ni mo fi ń jẹun. Àwọn èèyàn ò yéé bi mí pé "Àǹtí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é gan-an?", ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sinmi.

Aṣọ ìpele mẹ́ta ni quilt. Ojú tí à ń wò wà lókè, nǹkan rírọ̀ wà láàárín, ẹ̀yìn wà nísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ á wá gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá kó tó di ọ̀kan. Àwọn ará ìlú tó tutù ń fi tiwọn bora. Tiwa yìí kì í ṣe ti ìbora o, ògiri là ń gbé e kọ́ bí àwòrán, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn látọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti mú sísọ́ọ̀sì, torí aṣọ tó tẹ́jú rẹ́gí lórí bẹ́ẹ̀dì, tó bá dókè ó lè yọ ikùn bí aláboyún oṣù mẹ́jọ, kí igun ẹ̀ kan wọ́ sókè, ìkan wọ́ sísàlẹ̀. Mo ti rí i. Tèmi ni.

Àwọn kan á ní nǹkan òyìnbó nìyí. Ṣé wọn ò wo aṣọ egúngún ni? Ègé lórí ègé, ìpele lórí ìpele, ìdílé míì á tún máa lẹ tuntun mọ́ ti àtijọ́. Àwọn ará Àbọ̀mé ní orílẹ̀-èdè Benin náà, wọ́n ń gé aṣọ bí ẹranko bí ẹranko, wọ́n á rán an mọ́ aṣọ ńlá láti fi pìtàn àwọn ọba wọn, kìnnìún ni ti Glele, ẹja ṣáàkì ni ti Behanzin. Torí náà ẹ fọkàn balẹ̀, a ò jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ó yá, aṣọ. Èmi ń ra àdìrẹ ní Ìtọ́kú l'Ábẹ́òkúta, mo sì máa ń lọ bá àwọn tó ń ta aṣọ-òkè lọ́jà Ọjẹ́ n'Ìbàdàn pé kí wọ́n bá mi tọ́jú àjákù, àwọn míì á ta á fún mi, àwọn míì á kàn ní "gbà, máa lọ, ọmọ mi". Àǹkárá ò wọ́n lọ́dọ̀ tẹ́lọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ tún un fọ̀. Àdìrẹ tuntun máa ń tú aró, kódà tí ẹni tó tà á bá búra, ẹ máa fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́ lójú yín, lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ funfun tó tutù lé e, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná, tí funfun yẹn bá ṣì mú àwọ̀, ẹ padà sídìí bàsíà. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan, mo fi aṣọ-òkè pupa kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, mo rán an tán, ó kù kí n lọ̀ ọ́, mo wọ́n omi sí i, pupa yẹn bá sáré wọnú funfun bí ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo jókòó sílẹ̀, mi ò lè sunkún, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tiẹ̀ tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ rí i pé ẹ̀kọ ara ẹ̀ jáde tán pátápátá, torí oúnjẹ aáyán nìyẹn, wọ́n á jẹ ihò sí i mọ́ yín lọ́wọ́.

Aṣọ-òkè rẹwà ṣùgbọ́n alágídí ni. Bẹ́ ẹ bá ti gé e ló ti ń tú, nítorí náà ẹ lẹ gọ́ọ̀mù-stéè, aṣọ ológe gọ́ọ̀mù tí áyọ́ọ̀nù ń lẹ̀, mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Èyí tó ń dán, ẹ dín iná áyọ́ọ̀nù kù, òwú dídán yẹn máa ń yọ́. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rán àǹkárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹtù, aṣọ-òkè aláró dúdú tó nípọn, ẹ fi stéè sí àǹkárá náà, kí wọ́n lè jọ ní agbára kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èyí tó wúwo á fa ìkejì wálẹ̀ lórí ògiri. Léèsì ní ihò, ẹ gbé aṣọ míì sẹ́yìn ẹ̀. Gíní dáa gan-an, ó dúró.

Kí làwòrán máa jẹ́? Èyí ò ṣeé kọ́ni tán. Ohun tí mo mọ̀ ni kẹ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ńlá, fíìtì méjì sí méjì ti tó. Ẹ kan búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mọ́ ògiri yàrá, ẹ máa fi pín-ìn-nì to àwọn ègé sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá rìn sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ wò ó. Tórí ilẹ̀ lẹ bá to ó sí, irọ́ lójú yín ń pa fún yín. Ẹ fi fóònù yà á, kẹ́ ẹ yí fọ́tò náà sí dúdú àti funfun, tí gbogbo ẹ̀ bá di eérú kan náà, a jẹ́ pé òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀ ò tíì pé, bó ti wù kí àwọ̀ ẹ̀ pọ̀ tó. Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ pariwo ni, gbogbo àwọ̀ ń bá ara wọn jà. Nígbà tó yá mo ṣe obìnrin alákàrà kan lálẹ́, ẹtù nìkan ni mo fi ṣe alẹ́ náà, oríṣi ẹtù mẹ́jọ, mo wá fi ègé àǹkárá olómi ọsàn kékeré kan ṣe iná àdògán. Ìyẹn làwọn èèyàn dúró wò. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí búláńkẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó rán an, ẹ ó rí àṣìṣe fúnra yín.

Ìlà tí ò tọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Àwọn ìyá Gee's Bend ní Alabama ń fi aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó rán quilt, ìlà wọn ń rìn bó ṣe wù ú, ní 2002 wọ́n sì gbé e kọ́ ní Whitney, ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní New York. Àárín iṣẹ́ lè wọ́, etí ẹ̀ nìkan ni ò gbọ́dọ̀ wọ́.

Rírán. Ààyè ìdajì ínǹṣì létí ìrán ló mọ́ àwa tẹ́lọ̀ lára, fún quilt ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì ló máa ń jẹ́, kó má baà ki. Abẹ́rẹ́ 14 fún àǹkárá, 16 fún aṣọ-òkè. Máṣíìnì Butterfly ayílọ́wọ́ ti tó fún ìlà tó tọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ra máṣíìnì olówó ńlá. Fún àárín, ẹ wá wádìn fẹ́lẹ́, nǹkan rírọ̀ bí òwú tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ìránṣọ, tí kò bá sí, búláńkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ń ṣiṣẹ́, fóòmù ni ẹ ò gbọ́dọ̀ lò. Wádìn àti aṣọ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fi ínǹṣì mẹ́ta ju ti òkè lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, torí bẹ́ ẹ bá ṣe ń rán an já ló ṣe ń súnkì. Ẹ fi òwú gígùn tákì gbogbo ẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ìrán láti àárín gbùngbùn lọ sí etí. Ẹ jọ̀ọ́, láti àárín. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí ló ń kó gbogbo ikùn yẹn jọ sáàárín. Ẹ sì jẹ́ kí ìrán yín pọ̀ dọ́gba káàkiri, ibi tẹ́ ẹ bá rán ṣú á fà, ibi tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ á wú.

Tó bá tán, ẹ wọ́n omi sí i lẹ́yìn, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi pín-ìn-nì mú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó gbẹ mọ́lẹ̀, ìgbà náà lẹ ó wá gé etí ẹ̀ tọ́. Ẹ gé ègé aṣọ tó fẹ̀ ní ínǹṣì méjì àbọ̀, ẹ ká a sí méjì, ẹ fi yí etí ká.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró síbẹ̀, wọ́n á ní ó parí. Kò tíì parí! Ẹ rán àpò gbọọrọ kan sẹ́yìn lókè, bí ọ̀nà okùn ṣòkòtò ṣùgbọ́n kó fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́rin, kó fi ínǹṣì kan kan kúrú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, inú ẹ̀ ni pákó tàbí irin á gbà tí wọ́n á fi gbé e kọ́. Mo kọ́ ọ lọ́nà líle. Ìpàtẹ tí mo kọ́kọ́ bá wọn dá sí, mi ò ṣe àpò kankan, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ kọ́ bá fi ìṣó gba orí obìnrin alákàrà mi kọjá, ìṣó tó ti dípẹtà. Ihò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún rán aṣọ kékeré kan sí ẹ̀yìn nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín, orúkọ iṣẹ́, ọdún, ìwọ̀n àti irú aṣọ tẹ́ ẹ lò sí i.

Fọ́tò ló ń wọlé kẹ́ ẹ tó wọlé. Àwọn ìpàtẹ ńlá, bíi Quilt National ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ṣe látọdún 1979, lọ́dún méjì méjì, fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi yàn. Ẹ gbé e kọ́ lábẹ́ òjìji láàárọ̀, ẹ má lo fíláàṣì, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ dojú kọ àárín ẹ̀ gan-an, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ hàn, ẹ wá ya ọ̀kan tó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òwú á fi hàn. Ẹ ka òfin wọn dópin, owó ìforúkọsílẹ̀, ìwọ̀n, ta ló ń san owó ìdápadà, torí owó ìfiránṣẹ́ lè ju owó aṣọ lọ. Kẹ́ ẹ tó dé òkè òkun, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn gálárì ìlú yín sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń jẹ ẹ̀kọ gbígbóná.

Ẹ má ká quilt pọ̀ bí ẹní ká ìró, ojú ìká yẹn ò ní lọ mọ́. Ẹ yí i mọ́ ara páìpù tó nípọn, kí ojú ẹ̀ wà níta, kẹ́ ẹ fi aṣọ funfun wé e. Faith Ringgold, ayàwòrán tó ń rán quilt, ará Harlem ní New York tí wọ́n bí ní 1930, tó kú ní 2024, fẹ́ràn pé aṣọ ṣeé yí pọ̀, kò nílò ẹni tó máa bá a gbé férémù. Ìránṣọ ni màmá ẹ̀ náà ń ṣe, Willi Posey, àwọn méjèèjì ló jọ rán quilt rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1980. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo sọ fún màmá mi, wọ́n ní "ṣé wọ́n sanwó fún màmá ẹ̀?"

Owó náà wá kù. Ẹ kọ wákàtí yín sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àwa tẹ́lọ̀ kì í ka àkókò, ìyẹn ló ń pa wá. Ẹ ka owó aṣọ, òwú, iná, wákàtí, kẹ́ ẹ wá rántí pé gálárì púpọ̀ máa ń mú tó ìdajì owó títà, torí náà iye tẹ́ ẹ bá dá ní ṣọ́ọ̀bù náà ni kẹ́ ẹ dá ní gálárì, ẹ má ṣe méjì. Harriet Powers, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Georgia ní 1837, gbé quilt ìtàn Bíbélì rẹ̀ kan jáde ní ìpàtẹ kan ní 1886, obìnrin kan fẹ́ rà á, kò tà. Nígbà tí ìyà wá jẹ ẹ́, ó ní dọ́là mẹ́wàá, márùn-ún ni wọ́n san. Smithsonian, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí l'Amẹ́ríkà, ló wà lónìí. Ẹ kọ iye yín sínú ìwé kí ebi tó dé, kẹ́ni tó bá fẹ́ dúnàá dúrà bá ìwé sọ̀rọ̀.

Tí iṣẹ́ bá padà délé láìtà, ẹ má jù ú sínú àpótí. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan kó gba afẹ́fẹ́, kì í ṣe nínú oòrùn o, oòrùn ń jẹ aró, ẹ gbọn eruku ẹ̀, ẹ wo inú àpò ẹ̀yìn yẹn dáadáa, ibẹ̀ ni aáyán fẹ́ràn láti yé ẹyin sí.