Tí ọpọlọ ẹnì kan bá ṣàárẹ̀ nílé onígbàgbọ́, àwọn àṣìṣe tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má kọ́kọ́ bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá o. Mo fi èyí ṣáájú torí òun ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, àwa náà ṣe é nílé wa ní Àkúrẹ́ níbí. Àbúrò mi obìnrin ò rí oorun sùn mọ́, kì í jẹun, ó jókòó ti ìkòkò ẹ̀wà tó ń jóná lórí sítóòfù kò sì gbóòórùn ẹ̀, ohun tí màámi bi í ni pé "kí lo ṣe tí Ọlọ́run fi bínú sí ẹ?" Ó gbà á gbọ́. Látọjọ́ yẹn ló ti ń sọ pé Ọlọ́run ti kọ òun.

Àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Kenneth Pargament ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé ẹni tó gbà pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú òun nínú ìṣòro, ọkàn ẹ̀ sábà máa ń balẹ̀ sí i, àmọ́ ẹni tó gbà pé ìyà ni Ọlọ́run fi ń jẹ òun, ńṣe ni ìsoríkọ́ ẹ̀ sábà máa ń le sí i. Nínú iṣẹ́ tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní 2001, wọ́n tẹ̀ lé àgbàlagbà aláìsàn 596 fún nǹkan bí ọdún méjì, ewu ikú àwọn tó ń rò pé Ọlọ́run ti pa àwọn tì ga ju tàwọn yòókù lọ. Ẹ gbàdúrà o, mo bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ sí aláìsàn létí.

Ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ ẹ̀ torí ààwẹ̀. Oògùn ìsoríkọ́ lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣiṣẹ́, ẹ má sọ lọ́jọ́ kẹta pé kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń lo lithium, ìyẹn oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó ní báípólà, tí kò mumi látàárọ̀ dalẹ́, oògùn yẹn lè pọ̀ lára ẹ̀ débi tó máa di májèlé, kẹ́ ẹ bi dókítà kó tó gbààwẹ̀ rárá.

Ìṣọ́ òru náà ńkọ́? Ẹni tó ní báípólà, ìyẹn àìsàn tínú èèyàn á fi dùn àdùnjù kó tó tún rẹ̀wẹ̀sì, àìsùn nìkan lè gbé àìsàn yẹn dìde, àwọn èèyàn á wá ní ẹ̀mí ló gùn ún. Ẹ jẹ́ ó sùn.

Ẹ má dè é ní ṣéènì láé, ì báà jẹ́ ilé àdúrà ló wà.

Pásítọ̀ àdúgbò wa ló bá wa sọ ọ́, ó ní kí àbúrò mi lọ rí dókítà, òun á máa gbàdúrà. Màámi ló ń gbé omi àdúrà fún un báyìí, omi yẹn náà ni àbúrò mi fi ń lo oògùn ẹ̀ lálaalẹ́.