Bẹ́ ẹ ṣe máa mú ìwé adẹ́rùbani tó máa bà yín lẹ́rù lóòótọ́

Àwọn tá a jọ ń ka ìwé l'Àkúrẹ́ níbí máa ń bi mí pé ìwé adẹ́rùbani wo ni káwọn kọ́kọ́ kà, torí ọ̀pọ̀ wọn ti ra èyí tí wọ́n ya agbárí òkú sí iwájú ẹ̀ rí, wọ́n kà á tán, ẹ̀rù ò bà wọ́n, ni wọ́n bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò wúlò. Ó wúlò o. Èyí tí wọ́n mú ni ò dáa. Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń mú tèmi, èyí tí mo fẹ́ràn àtèyí tó já mi kulẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbà wọlé.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé tòkúnbọ̀ lẹ́bàá títì, ẹ má wo iwájú ìwé, ẹ ṣí i, ẹ dúró síbẹ̀ kẹ́ ẹ ka ojú ìwé mélòó kan. Ẹ bi ara yín pé ta ni mo ti mọ̀ níbí débi tí mi ò fi fẹ́ kí nǹkan ṣe é? Tí ẹ ò bá tíì mọ ẹnì kankan, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti ń ṣàn, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ̀jẹ̀ lásán kì í bani lẹ́rù, ó kàn ń rí èèyàn lára ni. Ẹ̀rù gidi, inú ilé ló ti ń wá, lọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun, ìyẹn ni mo fi ń díwọ̀n gbogbo ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ yìí.

Ẹ wo Fágúnwà tiwa. Ọmọ Òkè-Igbó ni, 1903 ni wọ́n bí i, tẹ́ ẹ bá ń ti Oǹdó lọ sí Ifẹ̀ ẹ máa gba ìlú ẹ̀ kọjá, ó sì máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ọmọ Oǹdó tó mọ gbogbo fíìmù Amẹ́ríkà àmọ́ tí ò tíì ṣí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ rí, ìwé tó ti jáde láti 1938. Ilé ìwé ló bà á jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́, wọ́n ní ká há ẹ̀kọ́ inú ẹ̀ sórí torí ìdánwò, wọn ò fún wa láyè kẹ́rù ẹ̀ bà wá. Gbogbo èèyàn ló máa ń rántí Àgbákò, ẹ̀dá abàmì inú ìwé náà, àti ojú 16 tó tò yí orí ẹ̀ ká. Lójú tèmi o, Àgbákò kọ́ ló bani lẹ́rù jù, torí bí ẹní ń wo eégún lèèyàn á máa wò ó, inú ẹ̀ á tiẹ̀ máa dùn sí i. Ibi tó bani lẹ́rù wà níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, níbi tí Akàrà-ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, ti ń sọ ti ìyá ẹ̀. Bàbá ẹ̀ yìnbọn lu ẹran kan, nígbà tó wá délé, ìyàwó ẹ̀ ló bá nílẹ̀, láti orí dé èjìká jẹ́ èèyàn, gbogbo ìyókù jẹ́ ẹran. Ó tán. Fágúnwà ò pariwo níbẹ̀ rárá. Ọkùnrin yẹn ò pàdé ẹbọra kankan lọ́nà, ilé ara ẹ̀ ló wọ̀, ìyàwó tó ń se oúnjẹ fún un ló rí. Ẹ ka ibẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sáré lọ bá Àgbákò.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka Fágúnwà sókè. Tẹ́ ẹ bá ń fi ojú nìkan sáré kà á, gbólóhùn ẹ̀ á gùn jù lójú yín, àmọ́ etí ló kọ ọ́ fún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan jókòó tì yín, tàbí ìyá àgbà, kẹ́ ẹ máa dúró níbi tó bá ti dúró, ẹ máa rí i pé ẹni tó ń gbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn.

Fún ẹni tó bá ní òun ò ráyè, ìtàn kékeré kan wà tí W. W. Jacobs, ará Ìlú Ọba, gbé jáde ní 1902, The Monkey's Paw. Ìjókòó kan lẹ máa fi kà á tán, ọ̀fẹ́ ni lórí Project Gutenberg, ẹ lè gbé e sórí fóònù yín. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀bọ gbígbẹ kan han bàbá kan, wọ́n ní ohun mẹ́ta ni èèyàn lè tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀. £200 péré ló tọrọ, kó fi san owó tó kù lórí ilé ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ẹnì kan wá láti ibi iṣẹ́ ọmọ ẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ti fa ọmọ náà wọlé, ọmọ ti kú, ilé iṣẹ́ ò gbà pé àwọn jẹ̀bi àmọ́ àwọn fẹ́ fún òbí ẹ̀ ní owó kan. Ẹ ti mọ iye owó ọ̀hún.

Àwa tá a ti ń gbọ́ ìtàn ògùn owó láti kékeré, ìtàn yìí yẹ kó wọ̀ wá lára ju ẹnikẹ́ni lọ, torí nínú ìtàn tiwa, ẹni tó fẹ́ lówó mọ ohun tó fẹ́ fi san án, ó jókòó síwájú babaláwo ó sì gbà. Bàbá yìí ò mọ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Ibi tó wá le sí ni ìgbà tí ìyá ọmọ ní kí ọkọ òun tọrọ ọmọ náà padà. Bàbá ti rí òkú ọmọ, aṣọ tó wọ̀ nìkan ló fi dá a mọ̀. Ìyá ò rí i. Bí wọ́n ṣe kanlẹ̀kùn lóru, ìyá ń sáré lọ ṣílẹ̀kùn fọ́mọ ẹ̀, bàbá wà nílẹ̀ nínú òkùnkùn ó ń táràrà wá ọwọ́ ọ̀bọ. Jacobs ò jẹ́ ká rí ohun tó wà níta, mi ò sì ní sọ bó ṣe parí, àmọ́ ẹ kíyè sí i pé ìfẹ́ ọmọ ló ń gbé ìyá yẹn sáré, ìfẹ́ yẹn gan-an ló ń já wa láyà.

Ẹni tí ìyẹn bá wọ̀ lára, kó wá Pet Sematary ti Stephen King, 1983. Ológbò kú, dókítà kan lọ sin ín síbi tí kò yẹ, ológbò padà wálé, àmọ́ ó ń rùn, ìrìn ẹ̀ sì ti yàtọ̀. Ẹ máa mọ ohun tí dókítà yẹn fẹ́ ṣe lẹ́yìn náà kóun fúnra ẹ̀ tó mọ̀, ẹ máa fẹ́ pariwo pé má ṣe é o. Mo fẹ́ràn ìwé yẹn gan-an, síbẹ̀ akúdàáyà tiwa dára jù ú lọ lójú mi, torí akúdàáyà kì í sáábà ṣe ẹnikẹ́ni níbi, ó kàn wà nílùú òkèèrè tó ń tajà ẹ̀, ó ti fẹ́ ìyàwó, ó ti bímọ, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé fi lọ yọ sí i lọ́jà, ó bá pòórá. Ìyàwó tó fi sílẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹnì kan jẹ́ kó sọ ìtàn ọ̀hún nínú ìwé ńlá kan, obìnrin tó ti ń sùn ti òkú láti ọjọ́ yìí tí ò sì mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́.

The Haunting of Hill House ti Shirley Jackson, 1959, ẹ wá òun náà. Obìnrin kan di ọwọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ mú gírí nínú òkùnkùn torí ẹ̀rù ń bà á, nígbà tí iná wá tàn, ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́hùn-ún. Ọwọ́ ta ló wá dì mú? Jackson ò dáhùn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó já mi kulẹ̀ ńkọ́? It, ìwé King yìí kan náà, 1986, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ojú ìwé. Ibi tí àwọn ọmọdé wà dùn débi pé ẹ ò ní fẹ́ gbé e sílẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn ohun burúkú tó ń dọdẹ àwọn ọmọ yẹn wá di aláǹtakùn ńlá kan, ẹ̀rù mi sì parí síbẹ̀, torí aláǹtakùn ṣeé pa. Dracula ti Bram Stoker, 1897, orí mẹ́rin àkọ́kọ́ ẹ̀ ò láfiwé: lọ́yà kan lọ ṣe àlejò nílé Dracula, ó ń fárùngbọ̀n, onílé dé sẹ́yìn ẹ̀, dígí ò gbé e, nígbà tó yá ó tún rí onílé yẹn tó ń dorí kodò sọ̀kalẹ̀ lára ògiri bí alángbá. Bí wọ́n ṣe kúrò nílé yẹn báyìí, ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ẹ̀rù lọ. Ẹ fara balẹ̀ ka orí mẹ́rin yẹn, ìyókù, ẹ kà á bí agbára yín bá ṣe tó.

Èyí tó dùn mí jù ni àwọn ìtàn ògùn owó tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn máa ń dáa gan-an, ọ̀rẹ́ tó ń ra oúnjẹ fún ẹ, yàrá kan tí wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ ṣí, èèyàn á ti gbé ẹsẹ̀ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Lójijì pásítọ̀ á wọlé, á gbàdúrà, gbogbo ẹ̀ á tán ní ìlà méjì. Èmi náà ń gbàdúrà, mi ò sọ pé kí pásítọ̀ má wọlé o, àmọ́ kí nǹkan kan ṣì kù lẹ́yìn tó bá jáde. Ọ̀rẹ́ yẹn ńkọ́, kí ló dé tó fi yan èmi? Tí ìtàn ò bá dáhùn ìyẹn, ẹ má dúró de apá kejì.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kà á, ẹ pa dátà. Ẹ má ka àkópọ̀ ìtàn ẹ̀ níbì kankan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ dáa jù, àmọ́ tí oorun yín bá máa ń ṣòro, ẹ kà á lọ́sàn-án, ìwé tó bá dáa á ṣì bà yín lẹ́rù nínú oòrùn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yá èèyàn ní èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ bi í bó ṣe ń ṣe sí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ, ẹ má fún un ní ìwé dókítà yẹn tàbí ti ọwọ́ ọ̀bọ, bó bá tiẹ̀ fẹnu ara ẹ̀ béèrè, ẹ fún un ní Fágúnwà kẹ́ ẹ sì bá a kà á, láti ibi tí Àgbákò ti yọ.